Ìka Pupa Lórí Èèpo Ìwé

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ pé inú ń bí mi, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló ti ń bí mi, àti pé mi ò tíì rí ìdí kankan tó fi yẹ kó rọlẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n gbàgbé. Ẹni tí wọn ò fi ojú rẹ̀ ta magasíìnì rí ló máa ń ní kéèyàn gbàgbé.

Ṣàpọ́n ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, mo padà sí Abẹ́òkúta, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sì ń kọjá lọ níwájú ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn. Ọkùnrin yìí máa ń ta okùn láti ara òpó iná dé ara fèrèsé ṣọ́ọ̀bù télọ̀, á wá fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ há àwọn magasíìnì mọ́ okùn náà, kí iwájú wọn lè kọjú sí títì. Àwọn èèyàn á dúró sábẹ́ rẹ̀, wọn á gbójú sókè, wọn á ka gbogbo ohun tí wọ́n bá lè kà láì fọwọ́ kan àpò. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n pọ̀ ju bí wọ́n ṣe máa ń pọ̀ lọ. Èmi náà gbójú sókè. Ojú ara mi ni mo rí.

Fọ́tò ọjọ́ tí mo gboyè ni. Èmi nìyẹn nínú gáùn, fìlà onígun mẹ́rin wà lórí mi, ẹnu mi sì ṣí díẹ̀, nítorí pé ibi tí mo ti ń bi ayàwòrán bóyá ó ti yà á ló ti yà á. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà yẹ́lò. Lápá òsì, ọwọ́ pupa kan na ìka jáde, ó kù díẹ̀ kí ìka náà tọ́ mi nímú. Lókè orí mi ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ní lẹ́tà gàdàgbà, ìlà mẹ́ta:

Ó KÀWÉ TÁN
Ó GBA ỌKỌ
LỌ́WỌ́ ÌYÁ RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò bó ṣe tọ́. Ìyá kan ṣoṣo ni mo ní. Ọkọ kan ṣoṣo ni ìyá mi ní, bàbá mi sì ni. Ẹni tó bá mọ ilé wa, tó wá ka àkọlé yẹn, ohun tí yóò yé e ni pé bàbá tó bí mi lọ́mọ ni mo gbà. Èkejì, gáùn yẹn kì í ṣe tèmi. Yunifásítì ni mo ti yá a, mo sì dá a padà ní mímọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́, kí ló kan gáùn onígáùn?

Obìnrin méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀kan ní, "Wo ojú ẹ̀. Ojú ẹ̀ ò jọ ti ẹni tó lè ṣe é."

Èkejì ní, "Irú wọn kì í jọ ọ́. Ìwé tí wọ́n kà ni wọ́n fi ń bo ìwà mọ́lẹ̀." Ó yíjú, ó wò mí, ó wo òkè, ó tún wò mí. "Àǹtí, ẹ jọ ọ́ díẹ̀ o."

Mo ní, "Wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀."

"Àmọ́ ẹ̀yin dúdú jù ú lọ."

Mo ra ọ̀kan. Olùtajà ní orí ire ló bá mi, ó kù díẹ̀ kó tán. Ní ojú ewé keje ni mo ti rí ìtàn náà. Ọmọbìnrin inú ìtàn, ní ìlú tí wọn ò dárúkọ, iṣẹ́ títẹ ìwé lórí táípù ló kọ́ fún oṣù mélòó kan. Kò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì kankan. Kò wọ gáùn. "Ó kàwé tán" tí wọ́n kọ gàdàgbà yẹn, irọ́ ni. Lẹ́yìn ìwé, lábẹ́ orúkọ ilé ìtẹ̀wé, ni mo wá rí ìlà kan tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹ̀yin èèrà: Àwòrán iwájú ìwé wà fún ọ̀ṣọ́ nìkan. Ọ̀ṣọ́ ni mí nígbà náà.

Mi ò ní láti ronú jìnnà kí n tó mọ bí ojú mi ṣe dé ibẹ̀. Nígbà tí mo gboyè, àwọn òbí mi ṣe ìsìn ìdúpẹ́, wọ́n sì tẹ ètò ìsìn tó ní àwòrán mi níwájú. Láyé ìgbà náà, kí àwòrán tó lè jáde lórí ìwé, wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ sójú irin pẹlẹbẹ kan, wọ́n á kan irin náà mọ́ pákó. Búlọ́ọ̀kù là ń pè é. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe tèmi, owó rẹ̀ sì ga. Àṣà ìlú wa ni pé bí wọ́n bá tẹ ìwé tán, ẹbí á fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ atẹ̀wé, nítorí pé bó pẹ́ bó yá, wọ́n á tún tẹ òmíràn: ìgbéyàwó ń bọ̀, àlímánáàkì ń bọ̀, ìsìnkú náà ń bọ̀. Ẹni tó gbé búlọ́ọ̀kù ọmọ rẹ̀ lọ sílé ń wí fún atẹ̀wé pé òun ò fọkàn tán an. A fọkàn tán an.

Mo gba ibẹ̀ lọ tààrà. Ilé ìtẹ̀wé náà wà ní ìsàlẹ̀ Ṣàpọ́n, lọ́nà Ìjemọ̀. Atẹ̀wé yìí kan náà ni olóòtú magasíìnì ọ̀hún, òun ló ń kọ ìtàn inú rẹ̀, òun ló sì ń yan ohun tó ń lọ síwájú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín kí n tó wọlé.

"Mísì, ẹ kú oríire o."

"Oríire wo?"

"Ẹ ò tíì gba Ṣàpọ́n kọjá ni? Wọ́n fẹ́ẹ̀ rà yín tán."

Mo gbé ìwé náà lé tábìlì rẹ̀. "Ta ló fún yín láṣẹ láti lo àwòrán mi?"

"Àṣẹ kẹ̀, Mísì? Búlọ́ọ̀kù yín ti wà níbí láti ọjọ́ yìí, kò ṣe nǹkan kan. Mo ní kó jáde kó gba atẹ́gùn."

Mo sọ fún un pé mi ò gba ọkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun mọ̀. Mo ní kí ló dé tó fi kọ ọ́. Ó ní òun ò kọ ọ́ mọ́ mi, ọ̀tọ̀ ni àwòrán, ọ̀tọ̀ ni àkọlé, ó kàn ṣẹlẹ̀ pé wọ́n jọ wà lójú kan ni. Ó wá fà mí ní àga, ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́.

"Ẹ wò ó, Mísì. Lóṣù tó kọjá, baálẹ̀ kan ni mo fi síwájú ìwé. Èèyàn ńlá, ìlẹ̀kẹ̀ dé àyà. Orí okùn ló wà títí òjò fi pa á. Ní èyí tó ṣáájú ẹ̀, ìyàwó tuntun ni, pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Àwọn ará ilé ìyàwó nìkan ló rà á. Ẹni tó ń kọjá ní títì, ṣé ẹ rò pé ó fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan dáa? Kò kàn án. Ohun tó ṣe ẹni tó dáa ló fẹ́ mọ̀."

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe mí."

"Ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ẹ ṣe lanu nínú fọ́tò yẹn. Ẹnu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká mọ́ ni. Mo ti ń wá irú ẹnu yẹn láti ọdún tó kọjá."

Mo sọ ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ kí ó tún ìwé tẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí ó fi àwòrán kan náà síwájú rẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà, kí ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà tó tóbi tó ti àkọ́kọ́ pé a parọ́ mọ́ arábìnrin yìí. Ojú rẹ̀ korò bí ẹni tí mo ní kó jẹ iyẹ̀pẹ̀.

"Mísì, ẹ̀bẹ̀ kì í lọ síwájú ìwé. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni ẹ̀bẹ̀ ń gbé, lábẹ́ ìpolówó òògùn jẹ̀dí-jẹ̀dí."

"Ẹ fún mi ní búlọ́ọ̀kù mi nígbà náà."

Ó fa páànù bísíkíìtì kan jáde. Ojú àwọn ará ìlú ló kún inú rẹ̀, dúdú, tútù, gbogbo wọn ń wo ibi tí kò yẹ kí wọ́n wò nítorí pé òdì ni wọ́n ń gbẹ́ àwòrán sójú irin. Mo rí ojú ìjòyè ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti kú. Mo rí ìyàwó olódòdó. Mi ò rí tèmi. Ó ní abẹ́ ẹ̀rọ ni tèmi wà, wọ́n ṣì ń tẹ̀ sí i. Íǹkì tó kàn mí lápá aṣọ nìkan ni mo rí gbé kúrò níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó mú kí ara mi gbóná tó bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìgbéraga lásán ni. Mo ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà. A jọ wà ní yunifásítì, ó ń ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n ní Ìjemọ̀, mùsùlùmí ni wọ́n, ìyá rẹ̀ sì ní ṣọ́ọ̀bù abọ́ tánganran tó kún dé àjà. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá ní tiwa. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé kí ìdílé ọkọ wá kí wa. Wọ́n ní ẹ̀sìn kọ́ ni wàhálà àwọn, àwọn ò kàn fẹ́ kí ọmọ àwọn wọ ilé tí wọ́n ti ń fi ohun gbogbo pàtẹ. Wọ́n ti wá gbà báyìí. A ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá mi kì í wo irú magasíìnì wọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá ń gba Ṣàpọ́n kọjá, ṣe ni wọ́n máa ń da agboòrùn bo ẹ̀gbẹ́ ibi tí okùn yẹn wà, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o. Agboòrùn yẹn nìkan ló dúró láàárín ìgbéyàwó mi àti ìka pupa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àfẹ́sọ́nà mi wá. Kò jókòó.

Ó ní, "Màmá ti rí i."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n kí ẹ."

"Kí wọ́n kí mi fún kí ni?"

"Wọ́n ti gbé e sí férémù."

Mo ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Ìyá rẹ̀ mọ Kùránì kà dáadáa, wọ́n sì ń fi lárúbáwá kọ orúkọ àwọn oníbàárà wọn, àmọ́ wọn ò ka à-bí-dí rí. Ní ojú tiwọn, ẹni tí àwòrán rẹ̀ bá jáde lórí ìwé, ọba ni, tàbí ìjòyè, tàbí ẹni tó ti Mẹ́kà dé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sínú àlímánáàkì. Wọ́n rí ìyàwó ọmọ wọn nínú gáùn. Wọ́n rí ọwọ́ pupa tó ń fi ìka hàn án fún aráyé pé ẹ wá wo èèyàn. Kí ni kí wọ́n tún máa bi ẹnikẹ́ni? Wọ́n ra gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ ọkùnrin olókùn, wọ́n pín in fún àwọn àbúrò wọn, wọ́n sì gbé ọ̀kan kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, láàárín àlímánáàkì àti aago.

"Àwọn tó ń wọlé wá rajà ń kọ́? Ṣé wọn ò mọ̀wé ni?"

"Wọ́n mọ̀wé."

"Kò sí ẹni tó sọ fún wọn?"

"Àwọn tó fẹ́ràn wọn ò lè sọ ọ́. Àwọn tí ò fẹ́ràn wọn fẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀."

"Ìwọ ọmọ wọn ńkọ́?"

Ó wò mí. "Kí n ní kí ni? Kí n ní, Màmá, ìyàwó tí ẹ fi ń yangàn yìí, wọ́n ní ó gba ọkọ ìyá ẹ̀? Ìwọ lo kàwé jù. Lọ sọ fún wọn."

Mo lọ lóòótọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti ilé. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ báyìí, Àlájà, ìyá rẹ̀, fà mí dìde, wọ́n mú mi dé abẹ́ férémù.

"Ìyàwó mi, wo ara rẹ. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń dúró wò ọ́. Ẹni tó wá ra ìkòkò kan á dúró, dúró, títí á fi ra bàsíà mọ́ ọn. Wọ́n á wò ọ́, wọ́n á tún wò mí, wọ́n á mi orí. Ìlara ń ṣe wọ́n."

"Màmá, ìwé yìí…"

"Bàbá rẹ ò tíì mọ irú èèyàn tá a jẹ́. Mo mọ̀. Wọ́n rò pé abọ́ nìkan la mọ̀. Lọ́jọ́ tá a bá ń bọ̀ wá kí wọn, ìwé yìí ni màá gbé síwájú wọn, kí wọ́n mọ̀ pé a mọ iyì ọmọ tí wọ́n bí."

Ẹnu mi ṣí bó ṣe ṣí nínú fọ́tò gan-an. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá."

Báyìí ni mo ṣe padà sọ́dọ̀ ọ̀tá mi. Mo ní mi ò wá gba ẹ̀bẹ̀ mọ́. Èèpo ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó tẹ̀ fún mi, tí ẹni tí kò mọ̀wé kò ní lè fi ìyàtọ̀ sáàárín rẹ̀ àti èyí tó wà níta. Pépà yẹ́lò, àwòrán mi, ọwọ́ pupa, ìlà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò yí padà. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní òun ti ń wò ó láti àkọ́kọ́ pé n óò wọ iṣẹ́ yìí.

Mo gbé ohun tí mo kọ fún un:

Ó KÀWÉ TÁN
Ó PADÀ WÁ
KỌ́ ỌMỌ ÌLÚ RẸ̀

Ó kà á. Ó tún un kà, ó ń wá ibi tí ìtàn wà níbẹ̀. "Mísì, ta ni yóò ra èyí?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ló máa wò ó, kò sì lè kà á."

"Ẹ jẹ́ ká ní, 'Ó kàwé tán, ó rí nǹkan lóru.'"

"Kí ni mo rí?"

"Ohun tí wọn ó fi rà á nìyẹn."

Mo ní kó to lẹ́tà tí mo kọ. Ó ń tò ó, ó ń kẹ́dùn, bí ẹni tó ń sin òkú ọ̀dọ́. Ó wá fẹ́ yọ ọwọ́ pupa kúrò, ó ní ìyìn kò nílò ìka, ìka ẹ̀sùn ni. Ìbínú mi tún ru. Mo ní kó fi ìka sílẹ̀ níbi tó wà. Mo ní kó sún un súnmọ́ imú mi dáadáa bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn mi láti ìta yóò rò pé èmi ni mo ni magasíìnì náà. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, mo ní ó gbọ́dọ̀ gbé búlọ́ọ̀kù mi fún mi, ó sì gbé e fún mi, ó fi ìwé ìròyìn dì í, ó sì kí i pé ó dàbọ̀.

Àfẹ́sọ́nà mi ló pààrọ̀ ìwé inú férémù, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kírun alásárì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo di ìṣó mú. Ó fẹ́ẹ̀ fi gíláàsì gé ara rẹ̀. Àlájà jáde, wọ́n wo ògiri.

"Pupa yẹn ń tàn lónìí o."

Ọmọ wọn ní, "Mo nu gíláàsì ẹ̀ ni, Màmá."

"O ṣeun. Ìyàwó yìí ti ń kọ́ ọ níṣẹ́ ilé."

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Wọ́n wá sílé wa ní Aké, wọ́n wọ ẹ̀wù tó dáa, wọ́n sọ̀rọ̀ tó dáa. Bàbá mi jókòó bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́, ọkàn mi sì balẹ̀, nítorí pé mo mọ ohun tó wà nínú férémù. Ìgbà tí wọ́n bọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn, Àlájà gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé jáde nínú àpò ńlá kan. Wọ́n ń tú aṣọ náà ní díẹ̀díẹ̀. Mo rí i pé férémù náà ń dán bíi wúrà. Ti ṣọ́ọ̀bù, dúdú ni.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ti ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti bí ọjọ́ mélòó kan, èèyàn ò dúró wò ó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, mi ò mọ ohun tó dé. Mi ò lè yọ ojú ìyàwó mi níbẹ̀. Èyí tí mo ṣe fún ẹ̀yin nìyí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ní kí wọ́n ṣe é ní méjì."

Mo wo àfẹ́sọ́nà mi. Ó ń wo ilẹ̀. Àwọn ará ilé wọn tó mọ̀wé náà ń wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ilé wa ò sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi wọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n gba férémù, wọ́n gbé e sórí orúnkún, wọ́n sì ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ ìgbà tí wọ́n dé ìlà kẹta, nítorí pé etí wọn lọ sẹ́yìn. Ìyá mi na ọrùn láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n kà á, wọ́n sì fi etí ìborùn bo ẹnu. Bàbá mi gbójú sókè, wọ́n wo Àlájà. Bí wọ́n bá dìde báyìí, ó parí. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ, mo mọ ibi tí wọ́n máa fi ọwọ́ hàn, mo sì mọ bí ìyá ọkọ mi yóò ṣe jáde ní ilé wa.

Àlájà ò dúró. Wọ́n fà súnmọ́ bàbá mi, wọ́n ń fi ìka tiwọn tọ ọ̀rọ̀ náà, tayọ̀tayọ̀, láti ọ̀tún sí òsì, bí wọ́n ṣe ń ka Kùránì.

"Ẹ rí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gàdàgbà," ni wọ́n wí. "Ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń fi ìka hàn án."

Bàbá mi tẹ̀ lé ìka yẹn. Láti ọ̀tún sí òsì. Mo rí i tí nǹkan yé wọn.

Àgbàlagbà kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé Àlájà wá, tí òun náà kò mọ̀wé, ní, "Tíṣà, ẹ kà á sí wa létí."

Bàbá mi wú ikọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí, kódà fún àlejò tó jókòó pẹ́ jù. Wọ́n gbé férémù sókè, wọ́n sì fi ohùn ẹni tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ka ohun tí kò sí níbẹ̀.

"Ó kàwé tán, kò gbéra ga. Ó bu ọlá fún ìyá tó bí i lọ́mọ. Ilé tó bá lọ, yóò bu ọlá fún ìyá tó bá níbẹ̀, oníṣòwò pàtàkì, tí gbogbo Ìjemọ̀ mọ̀ sí èèyàn rere."

Àlájà nu ojú. Wọ́n wá wo férémù, wọ́n wo bàbá mi.

"Tíṣà, gbogbo ìyẹn ló wà ní ìlà mẹ́ta?"

"Wọ́n fún un pọ̀ ni, Àlájà."

"Wọ́n tún mọ̀ mí mọ́ ọn?"

"Wọ́n mọ̀ yín. Ta ni ò mọ̀ yín?"

Àwọn òbí mi fún àwọn àlejò ní ìdáhùn tí wọ́n wá gbà. Wọ́n dá ọjọ́ ìdána. Àlájà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé férémù kọ́ kí àwọn tó lọ, bàbá mi sì dìde fúnra wọn, wọ́n kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, ilé tí kò sí ohun tó ń wà lára ògiri rẹ̀ ju kàlẹ́ńdà ìjọ lọ.

Bí àwọn àlejò ṣe lọ tán, ìyá mi pè mí sí ilé ìdáná.

"Wọ́n ní o gbà mí lọ́kọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò bá ẹ jà. Mo kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tó o fẹ́ kó ẹrù ẹ̀. Ṣòkòtò ẹ̀ tó ń fẹ́ fífọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Bàbá mi pè mí láti pálọ̀. Mo ti ń retí rẹ̀. Mo dúró níwájú wọn, mo sì ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: búlọ́ọ̀kù tí wọ́n lò láìgba àṣẹ, àkọlé tó parọ́, gáùn tí kì í ṣe tèmi, lẹ́tà ẹ̀yin èèrà lẹ́yìn ìwé, ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sin sábẹ́ jẹ̀dí-jẹ̀dí. Mi ò fo ọ̀kan. Bàbá mi tẹ́tí títí mo fi dákẹ́.

Wọ́n ní, "Ṣé èèpo nìkan ni ìwọ náà ní, àbí odindi ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Odindi rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, sà. Mo tọ́jú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí."

"Mú un wá."

Inú mi dùn. Mo mú un wá, mo mú pépà àti bírò mọ́ ọn, nítorí pé bí bàbá mi bá kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kì í sùn. Wọ́n gbé pépà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí.

"Ojú ewé mélòó ni?"

"Ojú ewé keje, sà."

Wọ́n ṣí i, wọ́n nu gíláàsì ojú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo dúró. Wọ́n ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Láti ilé ìdáná, ìyá mi ní, "Bí ẹ bá kà á tán, ẹ gbé e wá fún mi o. Mo fẹ́ mọ bí ìyá yẹn ṣe gba ọkọ ẹ̀ padà."

Bàbá mi ò gbójú sókè. "Mi ò tíì débẹ̀," ni wọ́n wí.